Iye Àfilélẹ̀ Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà: Ohun tí Tema Lè Kọ́ Olùkọ́ Èdè Abínibí

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi hàn pé orúkọ kì í ṣe àmì lásán. Ó ní ìdí, ó ní ẹni tó sọ ọ́, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ fún ará ilé àti ará àdúgbò. Bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá ti kọjá, kò sí ẹni tí yóò tún máa ka ìtàn ìbí ọmọ náà lẹ́sẹẹsẹ kí ó tó lè rán an níṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ti tó. Irú iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe nínú ilé yìí ni ohun kan ń ṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ń pè ní constant.

Ó rọrùn fún olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá láti pè é ní "aláìyípadà". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì bá ìtumọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè mu, ṣùgbọ́n ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe iye tí kò lè yí padà láéláé, bí kò ṣe iye tí ẹnì kan tó láṣẹ fi lélẹ̀. "Iye àfilélẹ̀" ni ó yẹ kí ó máa jẹ́. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nìkan. Ó kan àwọn olùkọ́ èdè gan-an. Tema, ìlú èbúté tó wà ní ìlà-oòrùn Accra ní orílẹ̀-èdè Ghana, ni àpẹẹrẹ yóò ti wá jù lọ, nítorí pé oríṣi iye àfilélẹ̀ mẹ́ta pàdé níbẹ̀ lọ́nà tí ọmọdé pàápàá lè lóye.

Ìkéde àti Ìlò

Oríṣi iye méjì ni aṣètò kọ̀ǹpútà máa ń bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni iye ayípadà. Bí oníṣòwò bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà tí oníbàárà rà, àpapọ̀ owó yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, yóò sì máa gòkè bí wọ́n ti ń fi ọjà kún ọjà. Iye yìí gbọ́dọ̀ máa yí padà nígbà tí ètò náà ń ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò wúlò. Ìkejì ni iye àfilélẹ̀. Irú èyí ni ìdá owó orí tí ìjọba gbé lé ọjà. Oníbàárà kan kò lè yí i padà, ọjà kan kò lè yí i padà, ètò náà fúnra rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ìkéde ni kí aṣètò kọ orúkọ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ètò, kí ó sì so iye kan mọ́ ọn. Ìlò ni kí ó máa kọ orúkọ náà, dípò nọ́ńbà, ní gbogbo ibi tí iye náà bá ti wúlò. Èdè ìkọ̀tò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú Pascal, tí Niklaus Wirth gbé jáde ní ọdún 1970, ìpín ìkéde iye àfilélẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ìpín iye ayípadà, bí ẹni pé kí olúkúlùkù kọ́kọ́ mọ òfin ilé kí ó tó gbé ẹrù wọlé. PARAMETER ni Fortran 77 ń lò. Final ni Java ń lò. Const ni C àti C++ ń lò. JavaScript kò ní const nínú ìlànà rẹ̀ títí di ọdún 2015. Ní ti Python, kò sí àṣẹ kankan tó ń dáàbò bo irú iye bẹ́ẹ̀. Àṣà ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé èèwọ̀ ni láti yí i.

Àǹfààní ìkéde yìí hàn gbangba bí ènìyàn bá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá sí. Kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì jọ kọ ètò tí yóò ṣírò ààyè inú òbíríkítí. Bí ọ̀kan bá kọ 3.14 sí apá tirẹ̀, tí èkejì kọ 3.1416, pápá olóbíríkítí tí àárín rẹ̀ sí etí rẹ̀ jẹ́ mítà 100 yóò jẹ́ 31,400 mítà onígun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, yóò sì jẹ́ 31,416 lọ́wọ́ èkejì. Pápá kan náà ni. Àìfohùnṣọ̀kan àwọn méjèèjì ló dá mítà onígun mẹ́rin 16 sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kéde iye náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ibi tí ìyàtọ̀ yóò gbà wọlé.

Ohun tí Tema fi Hàn

Iye tó wà nínú òbíríkítí kì í yí padà; Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo iye àfilélẹ̀ bá rí báyìí ni, "aláìyípadà" ì bá tó o pè. Tema ni yóò fi hàn pé wọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlà òòró ayé tí wọ́n ń pè ní òdo, èyí tó gba Greenwich kọjá ní ìlú London, gba Tema kọjá pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí aago Ghana fi bá aago Greenwich dọ́gba. Kò sí àmì kankan tí Ọlọ́run fà sórí ilẹ̀ Tema. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington, wọ́n sì dìbò lé e lórí. Méjìlélógún fara mọ́ Greenwich, ọ̀kan kọ̀, méjì kò dìbò. Faransé, tó wà lára àwọn tí kò dìbò, ṣì ń lo aago Paris títí di ọdún 1911. Ènìyàn ló fi òdo yìí lélẹ̀. Ìlà òdo tí sátẹ́láìtì ń lò lónìí kò tilẹ̀ bọ́ sórí ti àtijọ́ gan-an. Ní Greenwich, ó fi nǹkan bí mítà 102 lọ sí ìlà-oòrùn rẹ̀. Nítorí náà, bí aṣètò méjì bá kọ "òdo" lásán láìsọ òdo wo ni wọ́n ń wí, ohun tí ọ̀kan pè ní ojú ilà lè jẹ́ ẹ̀yìn odi lójú èkejì.

Èkejì ni owó orí. Wọ́n ṣí èbúté Tema ní ọdún 1962, ó sì di ẹnu ọ̀nà ńlá tí ẹrù ń gbà wọ Ghana. Láti nǹkan bí ọdún 2003 ni ètò kọ̀ǹpútà GCNet ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn aṣọ́bodè níbẹ̀, kí ICUMS tó rọ́pò rẹ̀ ní 2020. Nínú irú iṣẹ́ báyìí, ìdá owó orí kò ní iye, bẹ́ẹ̀ ni òfin sì ń yí wọn padà. Ẹ wo owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT. Ìdá 17.5 nínú 100 ni ìjọba Ghana fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1995. Àwọn ará ìlú tú jáde sí ìgboro Accra ní oṣù Karùn-ún láti tako ìnira náà, ìjọba sì fagi lé e. Ó tún padà wá ní oṣù Kejìlá 1998 pẹ̀lú ìdá 10. Ó di 12.5 ní ọdún 2000. Ó sì di 15 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014. Nàìjíríà náà kò yàtọ̀: ìdá 5 ni ó wà fún ọdún pípẹ́ kí ó tó di 7.5 ní oṣù Kejì ọdún 2020.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú nípa ètò tí wọ́n kọ fún ilé ìtajà ní 1999, nígbà tí owó orí jẹ́ ìdá 10. Bí aṣètò bá kọ nọ́ńbà 10 sí ogójì ibi, ní ọdún 2000 yóò ní láti wá gbogbo wọn rí. Bí ó bá fo ọ̀kan ṣoṣo, ọjà tí owó rẹ̀ jẹ́ 1,000 yóò mú 100 wá dípò 125 ní ibẹ̀, ìwé ìṣirò kò sì ní bára mu mọ́. Bí ó bá ní kí kọ̀ǹpútà fi 12.5 rọ́pò gbogbo 10, ewu mìíràn tún dé. Ó ṣeé ṣe kí 10 kan jẹ́ iye agolo tó wà nínú páálí kan. Agolo méjìlá àti ààbọ̀ ni yóò wá máa wà nínú páálí láti ọjọ́ náà lọ. Nọ́ńbà tí kò lórúkọ kì í sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Abájọ tí àwọn aṣètò fi ń pe irú rẹ̀ ní nọ́ńbà onídán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kéde OWÓ_ORÍ_ỌJÀ lókè ètò, ojú ibì kan ṣoṣo ni wọn yóò tún kọ, iye agolo yóò sì wà bó ti wà.

Ẹ̀kẹta ni owó sídì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2007, Ghana yọ òdo mẹ́rin kúrò lára owó rẹ̀: sídì àtijọ́ 10,000 di sídì tuntun kan. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi jọ ná owó méjèèjì pọ̀ kí àkókò ti àtijọ́ tó pé ní ìparí ọdún náà. Iye 10,000 yìí yàtọ̀ sí ti owó orí. Ìjọba ló fi í lélẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí yóò tún yí padà mọ́, nítorí ìtàn ti di í mú. Ẹni tó bá ń ka ìwé owó ọdún 2005 lónìí ṣì gbọ́dọ̀ fi 10,000 pín in.

Oríṣi mẹ́ta rèé: èyí tí ènìyàn fohùn ṣọ̀kan lé lórí, èyí tí aláṣẹ fi lélẹ̀ fún ìgbà kan, àti èyí tí ìtàn ti sọ di mọ́nígbàgbé. Bí iye inú òbíríkítí bá kún wọn, wọ́n di mẹ́rin. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń kéde gbogbo wọn nínú ètò kọ̀ǹpútà. Èyí tó kéré jù nínú wọn nìkan ni "aláìyípadà" bá mu délẹ̀délẹ̀.

Ìdí tí "Àfilélẹ̀" fi Sàn Jù

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní "aláìyípadà" yóò béèrè pé kí ló dé tí owó orí fi yí padà. Ìbéèrè náà tọ̀nà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò ni kò tọ̀nà. Yorùbá a máa sọ pé ọba fi òfin lélẹ̀, pé wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, pé àwọn baba ńlá fi àṣà kan lélẹ̀. Nínú gbogbo ìlò wọ̀nyí, ohun mẹ́ta ló wà: ẹni tó láṣẹ, ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá, àti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò lè fọwọ́ ara wọn yí i. Ẹni tó fi òfin lélẹ̀ lè tún un ṣe. Ẹni tó ń gbé lábẹ́ òfin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ti rí gan-an nìyí láàárín aṣètò, iye àfilélẹ̀ àti ètò tó ń ṣiṣẹ́.

Gírámà pàápàá ń gbe ọ̀rọ̀ yìí. "Fi … lélẹ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń là sí méjì kí ó lè gba àbọ̀ rẹ̀ sí àárín. Olùkọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìwé báyìí: "Fi OWÓ_ORÍ_ỌJÀ lélẹ̀ ní 15." Ní ti iye ayípadà, "Jẹ́ kí ÀPAPỌ̀ jẹ́ 0" ti tó. Yorlang, èdè ìkọ̀tò tí wọ́n fi Yorùbá ṣe, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ bí i "jẹ́" lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Èyí tó kù ni kí ọmọ mọ̀ pé ohun tó "jẹ́" báyìí lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n "fi lélẹ̀" ń dúró de àṣẹ.

Kì í ṣe ohun àjèjì ni èyí fún Yorùbá. Nígbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan; àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá; ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ọ̀kẹ́ jẹ́ orúkọ tí wọ́n kéde fún iye kan, kí ẹnikẹ́ni má baà máa ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Láti inú rẹ̀ ni àádọ́ta ọ̀kẹ́ ti wá, tí í ṣe 1,000,000: wọ́n lo iye àfilélẹ̀ kan láti ṣe òmíràn, bí àwọn aṣètò ti ń ṣe lónìí. Bí ẹnì kan bá wá ń pe mílíọ̀nù kan ní ọ̀kẹ́ kan, nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń pe 20,000 bẹ́ẹ̀, ìṣirò àwọn méjèèjì yóò fi ìlọ́po 50 jìnnà síra. Olùkọ́ tó bá fi ọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí yóò rí i pé ọmọ ti mọ ìdajì rẹ̀ láti ilé.

Àmì Ohùn Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ibì kan tún wà tí ẹ̀kọ́ yìí ti kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn àmì ohùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣètò fún àgbẹ̀ tó ní ọkọ́ àti ọkọ̀, tó sì kéde IYE_OKO fún méjèèjì, orúkọ kan ló kọ fún ohun méjì. Kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ ọ́ fún un tàbí kí ó da ìkejì lé àkọ́kọ́ lórí. IYE_ỌKỌ́ àti IYE_ỌKỌ̀ ni yóò yọ ọ́ nínú ìdààmú. Èdè bí i Python 3, tó jáde ní 2008, àti JavaScript gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wọlé.

Síbẹ̀, ìṣọ́ra ṣe pàtàkì. Ní ìlànà Unicode, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tẹ "ẹ́" ju ẹyọ kan lọ: ènìyàn lè tẹ "ẹ" kí ó fi àmì òkè kún un, ó sì lè tẹ "é" kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Python máa ń sọ méjèèjì di ọ̀kan kí ó tó ka orúkọ. JavaScript kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, orúkọ kan náà tí wọ́n fi bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ̀ lè di orúkọ méjì, kọ̀ǹpútà yóò sì kígbe pé wọn kò kéde ọ̀kan. Olùkọ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ti rí ẹlẹ́rìí tí kì í gbàbọ̀dè.

Àtakò àti Ìdáhùn

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ìkọ̀tò ń lò, pé kí ọmọ kúkú kọ́ const ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó má baà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo tirẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ Yorùbá di ẹni ẹ̀yìn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà márùn-ún péré ni const. Àti mọ̀ ọ́n kọ kò ṣòro. Ìtumọ̀ ló ṣòro. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì fohùn ṣọ̀kan: const, final àti PARAMETER ni èdè ìkọ̀tò mẹ́ta pe ohun kan náà. Ọmọ tó ti lóye ìfilélẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀ yóò dá gbogbo wọn mọ̀ níbikíbi tó bá ti pàdé wọn, ì báà jẹ́ ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ tàbí ọmọ Tema tí wọ́n fi èdè Ga kọ́.

Ìṣòro tó tóbi ju èyí lọ ni pé àwọn olùkọ́ kò tíì fi ọ̀rọ̀ lélẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ṣáájú wọn, ètò Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa darí láti 1970 ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Bí olùkọ́ kan bá wá ń pe ohun kan ní aláìyípadà, tí èkejì ń pè é ní adúróṣinṣin, tí ẹ̀kẹta ń pè é ní kọ́ńsítáǹtì, ọmọ tó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn yóò rò pé ohun mẹ́ta ni. Nọ́ńbà 10 tó fọ́n káàkiri ogójì ibi náà ni èyí, lójú pátákó ìkọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì sì gba ipò rẹ̀ padà. Ghana, tó ti gbé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ga ní 2002, pàṣẹ ní oṣù Kẹwàá 2025 pé èdè abínibí di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà ìjọba ń yí bí owó orí. Bí èdè-ìperí bá ti wà nílẹ̀ ní ibì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ìyípadà ìlànà kò ní ba iṣẹ́ jẹ́; ọjọ́ tí àyè bá ṣí sílẹ̀, olùkọ́ yóò kàn nawọ́ mú un ni. Bí kò bá sí nílẹ̀, àìsí rẹ̀ ni àwọn tó kórìíra ẹ̀kọ́ abínibí yóò máa fi ṣe àwíjàre.

Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ láìdúró de ìjọba. Kí Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Ẹgbẹ́ Onímọ̀-Èdè Yorùbá jókòó lórí èdè-ìperí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì gbé e jáde bí ti 1984 àti 1990. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ara ògiri kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, pẹ̀lú ìtumọ̀ kan ṣoṣo, kí ó má sì yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí sáà yóò fi parí. Kí wọ́n sì máa fi àmì ohùn sí orúkọ inú ètò kọ̀ǹpútà bí wọ́n ti ń fi sí inú àròkọ.

Bí àríyànjiyàn bá dìde pé "iye àfilélẹ̀" kọ́ ni ó dára jù, kí wọ́n jà á dópin, kí wọ́n sì mú ọ̀kan. Àwọn aṣojú tó pàdé ní Washington ní 1884 kò fohùn ṣọ̀kan délẹ̀, síbẹ̀ òdo tí wọ́n mú ni ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ ní Tema fi ń mọ ibi tó wà.